Akọ̀wé Catherine àti Ìránṣẹ́ Inú Fóònù

“Mọ́mì Akọ̀wé, ṣé kò kọ́kọ́ bi yín ni?”

Dárasími ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Àyàfi tó bá ń ka Bíbélì nínú ìjọ, àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Òde-Ayé, ó gbá ìwé orin mọ́ àyà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ ni.

Catherine ń to ìwé orin sínú àpótí, ó ń kà wọ́n bó ṣe ń tò wọ́n. Ó dé orí mọ́kànlélógún, ó dákẹ́. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì yé e dáadáa. Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

“Tètè máa lọ bá ìyá rẹ, ọmọ mi. Òjò ti ṣú.”

Ọmọ náà wòkè. Ojú ọ̀run mọ́ roro. Síbẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó kúnlẹ̀, ó sì lọ. Catherine tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé orin láti orí oókan.

Akọ̀wé ni gbogbo Òde-Ayé ń pe Catherine. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ ìwé orúkọ ìjọ: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tí wọ́n rì bọmi, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó kú. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán bí ọ̀pẹ inú oko ìjọba. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń yangàn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń sọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́: “Ìwé tèmi kì í sun ìta.” Ohun tó ń wí ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lónìí, òní náà ló máa kọ ọ́. Kì í fi sílẹ̀ di ọ̀la. Bí wọ́n bá bímọ ní òwúrọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ọmọ náà ti wọ ìwé.

Nígbà tó yá, wọ́n kó ìwé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Catherine fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́rin gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn akọ̀wé ìjọ sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Òkìtìpupa, lórí àwọn ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Éè-áì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfúnmiláyọ̀ ló kọ́ wọn. Kò gùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn yàrá.

“Ẹ fojú inú wo amòye kan tí wọ́n tì mọ́ yàrá,” ló wí. “Ó ti kàwé ju gbogbo wa lọ. Ẹ bi í nípa Mósè, á dáhùn. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù, á parí ẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ta ló bímọ ní Òde-Ayé lánàá. Kò mọ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé.”

“Kí la máa wá ṣe fún un?” Bàbá kan tó wá láti Iyansan ló béèrè.

“Ilẹ̀kùn lẹ máa ṣí fún un, bàbá. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ìwé orúkọ, ẹ ti fún un lójú: ohun tó wà níbẹ̀, á máa rí i. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ibi tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ ti fún un lọ́wọ́. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ ò nílò. Kó tó fi ọwọ́ yẹn ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kó máa bi yín. Á máa ní, ‘Ṣé kí n ṣe é?’ Ẹ̀yin ni ẹ máa ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.”

“Ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn,” ni bàbá ará Iyansan wí. “Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀yin náà ẹ má sùn jù.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Catherine náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ohun gbogbo sínú ìwé pélébé kan. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ *ẹ jẹ́ kó máa bi yín*.

Ìránṣẹ́ ló sọ ẹ̀rọ náà nígbà tó délé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìwé orúkọ fún un, ó ṣí ti ìfiránṣẹ́, ó sì kọ bó ṣe fẹ́ kó máa kí àwọn ènìyàn: èyí fún ọjọ́ ìbí, èyí fún ìkómọ, èyí fún ìgbéyàwó, èyí fún ọ̀fọ̀. Ní àràárọ̀, Ìránṣẹ́ á ka ìwé, á sì wá bá a: “Ìdáraolúwa pé ọmọ ogójì ọdún lónìí. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?” Catherine á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ìkíni á sì dé orí fóònù Ìdáraolúwa kó tó wẹ̀. Fóònù ńlá, fóònù kékeré, kò yọ ẹnìkan sílẹ̀.

Inú ìjọ dùn. Jẹ́jẹ́lọlá, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ ìsinmi kan.

“Akọ̀wé, ọkọ tuntun yín inú fóònù yìí mà gbọ́ràn o! Ẹ ní kó kí mi, ó kí mi. Èyí tó wà nílé mi, ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, kò rántí ọjọ́ ìbí mi rí.”

“Èyí kì í jẹun pẹ̀lú,” ni Catherine dá a lóhùn.

“Háà! Ẹ bá mi bèèrè bóyá ó ní àbúrò.”

Báyìí ni nǹkan ń lọ títí àkókò ẹyìn fi dé. Catherine ní oko ọ̀pẹ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fún epo rẹ̀. Ẹyìn so lọ́dún náà bí ẹni pé ilẹ̀ ń bínú. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wà nídìí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgúnpá, fóònù wà lórí àpótí. Ó dún. Ó nu ọwọ́, ó wò ó. Ìkómọ ni. *Ṣé kí n fi ránṣẹ́?* Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó padà sídìí epo. Kò pẹ́, ó tún dún. Ọjọ́ ìbí ni. Ó nu ọwọ́. Ìgbà keje tí fóònù dún, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó rí i pé lábẹ́ ìbéèrè náà, ìlà kékeré kan wà tí kò fiyè sí tẹ́lẹ̀: *Máa fi ránṣẹ́, má bi mí mọ́.*

Kò tilẹ̀ nu ọwọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi àtàǹpàkò elépo tẹ̀ ẹ́. Fóònù dákẹ́. Epo fi àmì ìka rẹ̀ sílẹ̀ lójú dígí, pupa rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Joel Ẹniìtàn kú.

Awakọ̀ ni Joel, bàbá Dárasími, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Òun ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àjọkẹ́. Inú rírun ló mú un ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, ó sì dákẹ́ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Dora ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ etí òkun ni Dora, ọmọ Ìlàjẹ, ẹja ló ń tà. Pẹ̀lú gbogbo ẹkún tó ń sun, ó rántí ohun tó yẹ kó ṣe. Ó pe Pásítọ̀ Àlàmú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ló wí. “Mi ò lè sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù. Ẹ bá mi kó àwọn àgbà lọ bá wọn.” Lẹ́yìn ìyẹn ni iná fóònù rẹ̀ tán.

Nítorí pé ní ilẹ̀ wa, a kì í tú ọ̀fọ̀ ọmọ fún ìyá lórí ìdúró. Wọ́n á dúró di ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn rọlẹ̀. Àwọn àgbà á lọ, obìnrin kan tó ti sin ọmọ rí á sì wà láàrin wọn. Wọ́n á bèèrè omi bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ wọ́n, kí ìyá náà lè gbé omi wá, kó sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n á bèèrè oko, wọ́n á bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Obìnrin tó ti sin ọmọ á di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìyá tó bá gbọ́ ọ lórí ìdúró, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kì í jókòó mọ́ láyé. Títí ìrọ̀lẹ́ náà á fi dé, ẹni tó bá mọ̀, á fẹnu mọ́nu.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni Pásítọ̀ pe Catherine. “Akọ̀wé, ẹ bá mi wá àgbà mẹ́fà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.”

Catherine sunkún. Ó nu ojú, ó ti fìlà tó fi ń lọ oko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lọ láti ilé dé ilé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún àgbà kọ̀ọ̀kan, ní yàrá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò sọ fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé ó dúró níbẹ̀, kì bá tí sí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kì í sun ìta. Ó padà délé, ó jókòó, ó ṣí ìwé orúkọ, ó wá orúkọ Joel rí. Nínú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ikú, ó tẹ ọjọ́ náà sí i. Ó rò pé kíkọ kì í ṣe sísọ. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé ló ti ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún, ìwé ò sì tú àṣírí rẹ̀ rí.

Ìránṣẹ́ ka ìwé. Ó rí i pé nǹkan tuntun dé. Ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ wà, wọ́n sì ti ní kó má béèrè mọ́. Ó mú ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tí Catherine fúnra rẹ̀ kọ, ó fi orúkọ Joel sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà méjì tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti Dora. Ìkejì jẹ́ ti Ìyá Àjọkẹ́. Àwọn àgbà wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó bá lójú àánú á wo ojú ẹni tí wọ́n rán an sí kó tó lanu. Ti inú fóònù kò ní ojú tó lè fi wo ènìyàn. Èyí tó fi ń kàwé nìkan ni Catherine fún un.

Ìyá Àjọkẹ́ wà nídìí ààrò, ó ń yí púpurú ẹ̀gẹ́ lórí iná kó lè gbẹ dáadáa. Fóònù kékeré rẹ̀ dún lórí fèrèsé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohùn ìfiránṣẹ́.

“Dárasími! Wá bá mi ka nǹkan yìí. Àwọn ìjọ ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún mi láṣọ.”

“Màmá, ẹ ò ní ọjọ́ ìbí lóṣù yìí.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Ìwọ lo bí mi ni? Kà á jàre.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù, ó nàró, ó sì kà á bó ṣe máa ń kàwé nínú ìjọ, ketekete, láìjẹ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu: “Ìjọ bá yín kẹ́dùn ikú ẹni yín, Arákùnrin Joel, tó sùn nínú Olúwa lónìí.”

Ẹnu rẹ̀ ti dé òpin kí òye rẹ̀ tó dé àárín. Ìyá Àjọkẹ́ wà lórí ìdúró.

Nígbà tí àwọn àgbà dé ní aago márùn-ún, kò sí ohun tó kù fún wọn láti sọ. Wọ́n bá a nílẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò, púpurú ti jóná lórí ààrò. Catherine wà lára àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ó rí fóònù kékeré náà lórí ilẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ti mọ̀.

Lójú ọ̀nà, Pásítọ̀ bi í pé, “Akọ̀wé, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ̀rọ ló ṣì í ṣe, sà.”

Ohun tí Pásítọ̀ sọ fún ìjọ nìyẹn, ìjọ sì gbà á. Àwọn kan tilẹ̀ bá Catherine kẹ́dùn pé ẹ̀rọ dójú tì í. Jẹ́jẹ́lọlá kò fi ọkọ inú fóònù ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Catherine ti yí ohun tó tẹ̀ padà, kí Ìránṣẹ́ tún máa béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó rí ìlà méjì tó fà, ó sì pa á dé.

Ìyá Àjọkẹ́ nìkan ni kò gba ti ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Pásítọ̀ mú Catherine dání lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí pé obìnrin náà ti ní òun kò fẹ́ rí Dora mọ́.

“Ẹ̀rọ kì í gbọ́ òórùn òkú,” ni Ìyá Àjọkẹ́ wí. “Ẹnìkan ló rán an. Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní ọsibítù? Ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ojú mi bà á, ló bá ní kí ṣọ́ọ̀ṣì fi fóònù sọ ọ́ fún mi.”

“Màmá, àwọn àgbà ni Dora ní ká kó wá,” ni Pásítọ̀ wí. “Etí mi ló gbọ́ ọ.”

“Iṣẹ́ yín ni láti parí ìjà, Pásítọ̀. Mi ò bá yín wí.” Ó yíjú sí Catherine. “Akọ̀wé, ìwọ lo ni ẹ̀rọ. Sọ ọ́ lójú mi. Ta ló rán an?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ilé náà má fọ́, ó sì wà lórí ahọ́n Catherine.

“Ẹ̀rọ ló ṣì í ṣe, mà,” ló wí.

Ìyá Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín kan tó burú ju ẹkún lọ. “Ẹ ò rí i? Òun náà ń bo ìyàwó.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Dárasími béèrè ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ wọn kan ní ilé-ìwé, ó sì mọ̀ pé ó máa ń béèrè. Catherine dá a lóhùn pé òjò ti ṣú.

Ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Wọ́n gbé Pásítọ̀ Àlàmú lọ sí ìjọ mìíràn. Dora kó lọ sí Òkìtìpupa, ó ń ta ẹja rẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọ̀kadà kan á gbé òun àti ọmọ rẹ̀ wá sí Òde-Ayé. Á sọ̀ lójú títì, lábẹ́ igi máńgòrò, á gbé ẹja gbígbẹ tó wé sínú ìwé fún Dárasími, ọmọ á wọlé lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, kó lè bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Òun á dúró títí ọmọ á fi juwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà á padà. Ẹja náà kò wọ ìkòkò Ìyá Àjọkẹ́ rí. Àwọn aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́.

Ilé Catherine kò jìnnà sí igi máńgòrò yẹn. Sátidé kan kì í kọjá kó má gbọ́ dídún ọ̀kadà náà. Bó bá ti gbọ́ ọ, á wá iṣẹ́ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀ sì rèé, kó tó mu omi, Ìránṣẹ́ á ti wà níbẹ̀: *Ṣé kí n fi ránṣẹ́?* Ohùn kékeré kan ló máa ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ohùn ọmọ tó gbá ìwé orin mọ́ àyà. *Ṣé kò kọ́kọ́ bi yín ni?*

Ohun kan tún wà tí gbogbo ènìyàn ṣàkíyèsí, tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Dárasími kò kàwé mọ́ nínú ìjọ. Òun tí ohùn rẹ̀ dára jù! Bí wọ́n bá pè é, á ní ọ̀fun ń dun òun. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí bàbá rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, Catherine fúnra rẹ̀ lọ bá a.

“Dárasími, ṣé o ò ní bá wa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ ìrántí bàbá rẹ?”

Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ga, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. “Mi ò lè kà á, mà. Èmi ni mo kà á fún Màmá lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá kọ́kọ́ fi ojú kà á ni, mi ò bá tí kà á sókè. Èmi ni mo fa gbogbo ẹ̀.”

Catherine dì í mú. Ó délé, kò lè jẹun. Ó ti ń ru ẹrù náà fún ọdún mẹ́ta, ó sì rò pé òun nìkan ni. Kò mọ̀ pé ọmọ kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ tó ń bá a rù ú, tí kò sì jẹ̀bi nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Zacchaeus, ẹ̀gbọ́n Joel, mú ìwé kan wá fún un. Orúkọ àwọn ẹbí tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ètò ìrántí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa ìlà dúdú lórí orúkọ Dora.

“Ìyá ní kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀,” ló wí. “Kò sì gbọdọ̀ jókòó láàrin wa. Ẹ má bi mí o, Akọ̀wé. Ìyá mi ni. Kí ni kí n ṣe?”

Catherine gbà á. Ó ka orúkọ náà fún Ìránṣẹ́, bó ṣe wà lórí ìwé, pé kó to ètò náà. Ìránṣẹ́ tò ó dáadáa, orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: “Nínú ìwé orúkọ ìjọ, Joel Ẹniìtàn ní ìyàwó kan, Dora. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú èyí. Ṣé kí n parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Ó wo ìbéèrè náà títí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ kò sí epo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún nù ún. Ìka rẹ̀ kò lè balẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa fóònù dé.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Nígbà tí ọ̀kadà dún, Catherine kò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó jáde. Ó bá Dora lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ juwọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Akọ̀wé.”

“Tẹ̀lé mi, Dora.”

“Níbo? Inú ibẹ̀ yẹn? Ẹ fẹ́ kí wọ́n da omi sí mi lára ni?”

“Bí wọ́n bá máa da omi, ara tèmi ló máa kọ́kọ́ bà. Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Wá.”

Ìyá Àjọkẹ́ wà ní àgbàlá ilé rẹ̀, lórí àga onígi, ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Dárasími wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Catherine kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè omi.”

Ọwọ́ Ìyá Àjọkẹ́ dúró lórí ẹ̀fọ́. Ó mọ irú omi tí wọ́n ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

“Ta ló tún kú?”

“Kò sí ẹni tó kú, mà. Ṣùgbọ́n ẹ má dìde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e wá.”

Dárasími gbé omi wá. Catherine gbà á, kò mu ún, ó gbé e sílẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Àjọkẹ́ rí Dora tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Kí lèyí ń wá níbí?”

“Èmi ni mo mú un wá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, kò ṣe é sọ lẹ́yìn rẹ̀.” Catherine jókòó sórí ilẹ̀, ó sì di ọwọ́ obìnrin àgbà náà mú. Ọwọ́ náà le, ó gbẹ, kò sì fà á padà. “Màmá, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ní kí n sọ ọ́ lójú yín, ẹni tó rán ẹ̀rọ. Mo purọ́ fún yín. Dora kò rán an. Dora pe Pásítọ̀, ó ní kí àwọn àgbà wá, bó ṣe yẹ kí ìyàwó rere ṣe. Pásítọ̀ pè mí. Mo wá àgbà mẹ́fà, mo sì délé, mo kọ ikú Joel sínú ìwé orúkọ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Ẹ̀rọ ń ka ìwé náà. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tó kà ló fi ránṣẹ́ sí yín.”

Adìẹ kan wá, ó gbé ewé ẹ̀fọ́ kan sá lọ, wọn ò lé e.

“Ìwọ,” ni Ìyá Àjọkẹ́ wí nígbẹ̀yìn. “Ìwọ Catherine. O ń kí mi ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo ń fi ẹja ọmọ ọlọ́mọ ta aládùúgbò lọ́rẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Obìnrin àgbà náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Catherine. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè, ó sọ̀rọ̀ sí ìhà ibi tí ògiri wà. “Dora. Kí ló dé tí o fi ń dúró? Jókòó. Ta ló ń dúró gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí?”

Dora kò jókòó. Ó ṣubú sórí eékún ni, orí rẹ̀ sì bọ́ sí orí itan ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún. Catherine dìde díẹ̀díẹ̀. Ó lè lọ báyìí. Ohun tó wá ṣe, ó ti ṣe é. Wọ́n ti mọ̀ pé Dora kò jẹ̀bi. Ìyókù, ẹ̀rọ lè máa rù ú lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó rí Dárasími. Ọmọ náà dúró níbi tó gbé omi wá, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wo òun. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ti béèrè rí.

Catherine padà. Ó wo ojú ọ̀run tó mọ́, ó sì wo ojú ọmọ náà.

“Ó máa ń bi mí, Dárasími. Ìgbà gbogbo ló máa ń bi mí. Ọwọ́ mi kún fún epo, ó sú mi, mo sì ní kó má bi mí mọ́. Ìwọ kọ́. Ẹ̀rọ náà kọ́. Èmi ni.”